Bigos nínú slow cooker: bí ẹ ṣe máa sè é tí kò fi ní ṣomi

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lórí bigos kò ju ẹyọ kan lọ: "Gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ṣe, kí ló dé tó ṣomi, tó sì tún kan gógó?" Ẹni tó bi mí kẹ́yìn kó gbogbo nǹkan sínú ìkòkò láàárọ̀, ó lọ síbi iṣẹ́, ó dé lálẹ́, ó sì bá kábéèjì tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi pupa. Mi ò lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi náà dán an wò, ife omi mẹ́ta ni mo bù sí i, torí bí mo ṣe máa ń se ọbẹ̀ lórí gáàsì nìyẹn.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Bigos ni kábéèjì àti ẹran tí àwọn ará Pólàndì máa ń sè pọ̀, pàápàá nígbà òtútù àti nígbà Kérésì. Omi tó ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ lórí iná ló ń sọ ọ́ di bigos. Lórí gáàsì, ẹ lè gbé e kaná fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, omi á máa fà, ìkòkò á máa ki. Slow cooker, ìkòkò oníná mànàmáná tó ń se oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, kì í jẹ́ kí omi jáde. Ooru omi tó bá gòkè á kan ọmọrí, á sì kán padà sínú ìkòkò. Omi tẹ́ ẹ bù sí i láàárọ̀ lẹ máa bá níbẹ̀ lálẹ́, pẹ̀lú èyí tí kábéèjì àti ẹran fúnra wọn tú sílẹ̀.

Torí náà, bí ẹ bá rí i tí mò ń tẹnu mọ́ fífún, gbígbẹ àti ṣíṣí ọmọrí, ẹ mọ ìdí ẹ̀.

## Ohun tẹ́ ẹ máa rà

Ìwọ̀n yìí wà fún slow cooker lítà mẹ́ta àtààbọ̀. Èèyàn mẹ́fà á jẹ ẹ́ yó. Mo kọ orúkọ tó wà lára páálí ní èdè Pólàndì mọ́ ọn, torí bẹ́ ẹ bá wà ní Ìlú Ọba, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ "Polski Sklep" sí iwájú ẹ̀ lẹ ti máa rí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

- Kábéèjì kíkan, kapusta kiszona: 700 gíráàmù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fún un
- Kábéèjì tútù: 400 gíráàmù, nǹkan bí ìdajì èyí tí kò tóbi
- Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ láti èjìká, łopatka: 500 gíráàmù
- Sọ́séèjì tí wọ́n fi èéfín yan, kiełbasa: 300 gíráàmù
- Ẹran ikùn ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èéfín yan, boczek wędzony: 150 gíráàmù
- Olú gbígbẹ, grzyby suszone: 25 gíráàmù
- Plum gbígbẹ tí wọ́n ti yọ kóró ẹ̀: mẹ́jọ
- Àlùbọ́sà ńlá: méjì
- Wáìnì pupa tí kì í ṣe aládùn: 150 mìlílítà
- Tòmátò alágolo tó ki: ṣíbí ìjẹun méjì
- Ewé bay leaf, liść laurowy: mẹ́ta
- Allspice, ziele angielskie: hóró márùn-ún
- Juniper, jałowiec: hóró márùn-ún, kẹ́ ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ fọ́ díẹ̀
- Marjoram gbígbẹ, majeranek: ṣíbí tíì kan
- Caraway, kminek: ìdajì ṣíbí tíì
- Black pepper

Ẹ ṣọ́ra fún méjì nínú wọn. Àkọ́kọ́ ni kminek: caraway ni, kì í ṣe cumin. Cumin ni wọ́n ń pè ní kmin rzymski, tẹ́ ẹ bá sì fi ìyẹn sí i, ìkòkò yín á máa ta sánsán bíi kọ́rì. Èkejì ni ziele angielskie. Ìtumọ̀ ẹ̀ gan-an ni "ewéko àwọn Gẹ̀ẹ́sì", àmọ́ kì í ṣe ewé rárá, hóró gbígbẹ roboto ni. Mo ti wá ewé náà kiri ṣọ́ọ̀bù kan títí ọmọ tó ń tajà fi bá mi rẹ́rìn-ín.

Ní ti sọ́séèjì, oríṣiríṣi kiełbasa ló wà. Lẹ́tà ł yẹn, bíi w ni wọ́n ń pè é. Ẹ mú wiejska, toruńska tàbí jałowcowa, èyí tó bá ti gbóòórùn èéfín dáadáa. Ẹ fi biała sílẹ̀. Biała funfun ni, wọn kì í fi èéfín yan án, kò sì ní fún bigos ní ohun tó ń wá.

## Kábéèjì kíkan: ẹ fara balẹ̀ níbí

Bí ẹ bá máa fo gbogbo abala yòókù, ẹ ka èyí.

Ẹ ka ẹ̀yìn páálí. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ rí níbẹ̀ ni kapusta, sól, bóyá marchew: kábéèjì, iyọ̀, káróòtì. Bẹ́ ẹ bá rí ocet, fínígà nìyẹn, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ. Kíkan kábéèjì tó yẹ fún bigos kì í ṣe kíkan fínígà. Kíkan omi ògì ni. Wọ́n fi iyọ̀ sí kábéèjì, wọ́n dé e mọ́lẹ̀, ó kan fúnra ẹ̀ bí ọkà tá a rẹ ṣe ń kan. Fínígà máa ń gún ọ̀fun, bó ti wù kẹ́ ẹ sè é tó.

Ẹ tọ́ ọ wò ní tútù. Ẹ mú fọ́nrán kan sẹ́nu. Bó bá kan bí ògì ọjọ́ mẹ́ta, tẹ́ ẹ ṣì lè jẹ ẹ́ láìfajú ro, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ kàn fún un. Bó bá jẹ́ pé ojú yín fún pọ̀, ẹ fi omi tútù ṣàn án lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ wá fún un. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kábéèjì lásán ló ń sè.

Ẹ fún un dáadáa. Bẹ́ ẹ ṣe máa ń fún ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kẹ́ ẹ tó dà á sínú ata, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ dì í bí òṣùṣù, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ títí omi á fi dẹ́kun kíkán. Láti inú ìgò gíráàmù 900, èmi máa ń fún nǹkan bí ife kan jáde. Ife omi tí kò ní wọ inú slow cooker nìyẹn.

Ẹ má da omi náà nù. Ẹ bu ìdajì ife pamọ́ sínú fíríìjì. Ẹ máa rí ìwúlò ẹ̀ lópin.

Ẹ gé e. Fọ́nrán ẹ̀ máa ń gùn, ó sì máa ń wé mọ́ ṣíbí. Ẹ fi ọ̀bẹ la òṣùṣù náà kọjá lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta.

## Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni.

1. Ẹ da olú gbígbẹ sínú abọ́, ẹ bu 250 mìlílítà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e lórí, ẹ dé e, ẹ fi sílẹ̀ sínú fíríìjì di àárọ̀. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú omi gbígbóná láàárọ̀ á ṣe é, àmọ́ omi ẹ̀ kò ní dúdú tó.
2. Ẹ gé ẹran èjìká sí ìwọ̀n ẹran ọbẹ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Ẹ gé boczek wẹ́wẹ́. Ẹ dé wọn sínú fíríìjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.
3. Ẹ fún kábéèjì kíkan, ẹ gé e, ẹ dé e.
4. Bí ẹran bá wà nínú fírísà, ẹ gbé e bọ́ sí fíríìjì láti àná. Ẹran dídì kò gbọ́dọ̀ wọ slow cooker. Ìkòkò yẹn máa ń pẹ́ kó tó gbóná, ẹran dídì á sì pẹ́ jù nínú ìlọ́wọ́ọ́wọ́ tí kòkòrò àìsàn fẹ́ràn.

Ìkìlọ̀: ẹ má dín ẹran lálẹ́ kẹ́ ẹ wá fi í sílẹ̀ ní ààbọ̀-jinná di àárọ̀. Bẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sè é, ẹ sè é parí.

## Láàárọ̀

Ẹ ya ogójì ìṣẹ́jú sọ́tọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kẹ́ ẹ kàn da gbogbo ẹ̀ sínú ìkòkò kẹ́ ẹ máa lọ. Ó ṣeé ṣe, ó sì ṣeé jẹ, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa sè é.

1. Ẹ bọ kábéèjì tútù. Ẹ rẹ́ ẹ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kó hó nínú omi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fún òun náà. Ìdí ni pé nǹkan kíkan kì í jẹ́ kí ẹ̀fọ́ rọ̀. Kábéèjì tútù tó bá lọ pàdé kíkan nígbà tó ṣì le, líle ló máa bá lọ, wákàtí mẹ́jọ kò ní tó o. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ kí wọ́n tó pàdé.

2. Ẹ dín boczek. Ẹ má fi òróró sí páànù. Iná kékeré, ẹ jẹ́ kí ọ̀rá ẹ̀ yọ́ jáde. Bó bá ti pọ́n, ẹ kó o sínú slow cooker, ẹ fi ọ̀rá sílẹ̀ nínú páànù.

3. Ẹ sun ẹran èjìká nínú ọ̀rá yẹn. Ẹ pín in sí ọ̀nà méjì. Bẹ́ ẹ bá kó gbogbo ẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, omi á tú, á wá máa hó dípò kó pọ́n. Slow cooker kì í gbóná tó ohun tó lè mú ẹran pọ́n láéláé, torí náà àwọ̀ yòówù tẹ́ ẹ bá fẹ́, inú páànù lẹ ti máa rí i.

4. Àlùbọ́sà àti tòmátò. Ẹ rẹ́ àlùbọ́sà sínú ọ̀rá tó kù, ẹ ro ó títí á fi pọ́n bí oyin. Ẹ wá fi tòmátò alágolo sí i, ẹ dín in bẹ́ ẹ ṣe máa ń dín ata ọbẹ̀, títí kíkan ẹ̀ á fi lọ tí àwọ̀ ẹ̀ á sì dúdú díẹ̀.

5. Wáìnì. Ẹ dà á sínú páànù kan náà, ẹ fi ṣíbí onígi ha gbogbo ohun tó lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀, ẹ jẹ́ kó hó kó fà di ìdajì. Ẹ má da wáìnì tútù sínú slow cooker. Ọmọrí yẹn á dé ọtí mọ́ ọn, ẹ óò sì máa gbọ́ ọ lẹ́nu.

6. Olú. Ẹ má sẹ́ ẹ. Ẹ fi ọwọ́ kó olú jáde, ẹ gé e. Ẹ wá sẹ́ omi ẹ̀ gba inú aṣọ funfun mímọ́, torí yanrìn máa ń wà nísàlẹ̀. Ẹ wọn 200 mìlílítà. Omi kan ṣoṣo tó máa wọ ìkòkò yìí nìyẹn.

7. Ẹ tò ó. Ẹran èjìká lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú boczek. Àlùbọ́sà àti tòmátò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà olú, plum, ewé bay leaf, allspice, juniper, caraway. Kábéèjì tútù, kábéèjì kíkan ló kẹ́yìn. Ẹ da omi olú yí i ká.

8. Ẹ dé e. Ẹ yí bọ́tìnì sí LOW, ooru kékeré, fún wákàtí mẹ́jọ. Bẹ́ ẹ bá wà nílé, HIGH fún wákàtí márùn-ún á gbé e, àmọ́ LOW ló ń jẹ́ kí iṣan ẹran èjìká yọ́ láìgbẹ.

Omi yẹn kò ní bo kábéèjì mọ́lẹ̀. Ẹ máa wò ó, ọkàn yín á sọ fún yín pé kò tó, ọwọ́ yín á fẹ́ gbé ife. Ẹ fi ife sílẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí méjì kábéèjì á ti wọlé, omi á sì ti gòkè fúnra ẹ̀.

Ẹ ò rí i pé mi ò tíì dárúkọ iyọ̀. Kábéèjì kíkan ní iyọ̀, boczek ní iyọ̀, kiełbasa ní iyọ̀. Ó di alẹ́.

Kẹ́ ẹ tó tilẹ̀kùn:

- Ìkòkò kò kún kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin
- Ọmọrí jókòó dáadáa, kò sí ewé tó há sí etí ẹ̀
- Bọ́tìnì wà lórí LOW, kì í ṣe WARM. WARM kì í se oúnjẹ jinná
- Kò sí aṣọ tàbí ìwé nítòsí ìkòkò
- Kiełbasa ṣì wà nínú fíríìjì, ẹ má tíì fi sí i

## Tẹ́ ẹ bá dé lálẹ́

Ibi tí slow cooker parí sí nìyí. Ẹran ti rọ̀, kábéèjì ti rọ̀, àmọ́ kò tíì di bigos.

1. Ẹ rẹ́ kiełbasa roboto, ẹ dín in nínú páànù títí etí ẹ̀ á fi pọ́n, ẹ dà á sínú ìkòkò pẹ̀lú marjoram àti black pepper. Bó bá wà níbẹ̀ láti àárọ̀, gbogbo adùn ẹ̀ á ti bọ́ sómi, á wá dà bíi rọ́bà lẹ́nu.
2. Ẹ yí i sí HIGH, ẹ ṣí ọmọrí kúrò pátápátá, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ máa rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.
3. Bí ebi bá ń pa yín, ẹ má dúró dè é. Ẹ da gbogbo ẹ̀ sínú ìkòkò fífẹ̀ lórí gáàsì, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìdé e. Ohun tí èmi ń ṣe nìyí ní tòótọ́.
4. Ẹ tọ́ ọ wò. Ìgbà yìí ni iyọ̀, bó bá tiẹ̀ nílò ẹ̀. Bí kò bá kan tó, ẹ rántí omi tẹ́ ẹ fi pamọ́.
5. Ẹ ṣa ewé bay leaf kúrò.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pó ti gbẹ tó? Ìyá ará Pólàndì kan tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ló fi hàn mí. Ó ki ṣíbí onígi bọ àárín ìkòkò, ó tú ọwọ́ sílẹ̀, ó kà dé márùn-ún. Ṣíbí náà dúró. Ó gbé tèmi wò, tí mo gbé wá nínú ike, ó ki ṣíbí bọ̀ ọ́. Ṣíbí yẹn wó kí n tó mí. Ó kàn wò mí, ó ní, "Zupa." Ọbẹ̀ olómi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ṣíṣí ọmọrí wò. Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá ṣí i, ooru tó ti kó jọ á jáde, á sì gbà á tó ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó padà síbi tó wà. Ara dígí ni wọ́n ṣe sí ọmọrí yẹn. Ẹ wò ó láti ìta.

Fífi pòtétò sínú ẹ̀. Ohun tí mo sọ nípa kábéèjì tútù náà ni. Nínú kíkan yẹn, pòtétò á le bí òkúta títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ sè é lọ́tọ̀.

Ẹran tí kò lọ́ràá. Ẹran ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀ dára fún sísun, àmọ́ wákàtí mẹ́jọ á sọ ọ́ di òwú. Èjìká ló yẹ.

Plum tó pọ̀ jù. Mẹ́jọ tó. Wọ́n wà níbẹ̀ láti ki kábéèjì kíkan wọ̀, kì í ṣe láti sọ ọ́ di jáàmù. Bẹ́ ẹ bá rí śliwka wędzona, plum tí wọ́n fi èéfín gbẹ, mẹ́rin péré lẹ nílò.

Maggi àti ata rodo. Mo mọ̀ yín, mo mọ ara mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Maggi sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Olú, èéfín àti ẹran tó wà nínú ìkòkò yẹn ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀, iyọ̀ tó máa fi kún un ló máa bà á jẹ́. Ata rodo ní tiẹ̀, ẹ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan láìfi sí i ná. Lẹ́yìn ìyẹn, ìkòkò yín ni.

## Bó bá ti bàjẹ́ lọ́wọ́ yín

*Ó kan jù:* ẹ rẹ́ àlùbọ́sà kan, ẹ dín in títí á fi dùn, ẹ dà á sí i. Bí kò bá tó, ẹ rin ápù kan sínú ẹ̀, tàbí ìdajì ṣíbí oyin. Ẹ má fi kánún sí i. Mo mọ̀ pé òun ló máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹlòmíràn. Á hó gùdùgùdù, kábéèjì á di ẹrẹ̀, ẹ óò sì máa gbọ́ adùn ọṣẹ.

*Ó níyọ̀ jù:* ẹ bọ kábéèjì tútù sí i láìfi iyọ̀ sí i, ẹ fún un, ẹ dà á mọ́ ọn. Ẹ fi pòtétò tí kò níyọ̀ jẹ ẹ́.

*Ó ṣomi, àkókò kò sì sí:* ẹ fi ṣíbí onihò kó ohun líle jáde, ẹ jẹ́ kí omi nìkan hó lórí gáàsì títí á fi ki, ẹ dà wọ́n pọ̀ padà. Àwọn kan máa ń fi fúláwà dídín mú un ki, zasmażka ni wọ́n ń pè é. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ nínú bigos, ó máa ń bo adùn mọ́lẹ̀.

## Bẹ́ ẹ kì í bá jẹ ẹlẹ́dẹ̀

Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn tó ń bi mí ní ìbéèrè yìí, ó sì ṣeé ṣe láìfi adùn ṣòfò. Ohun mẹ́ta ni ẹlẹ́dẹ̀ ń ṣe níbẹ̀: ẹran tó ń yọ́, ọ̀rá àti èéfín. Ẹ wá ẹni tó máa rọ́pò ọ̀kọ̀ọ̀kan.

- Ẹran èjìká ẹlẹ́dẹ̀: ẹran màlúù apá ẹsẹ̀, 600 gíráàmù. Ẹ fi wákàtí kan kún àkókò ẹ̀.
- Ọ̀rá boczek: òróró, ṣíbí ìjẹun mẹ́ta
- Èéfín: tòlótòló yíyan, ẹ fi eegun ẹ̀ sínú ìkòkò láti àárọ̀, ẹ yọ ọ́ lálẹ́
- Kiełbasa: sọ́séèjì màlúù halal, èyí tí wọ́n yan
- Wáìnì: ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ fi plum méjì kún un, kẹ́ ẹ sì fi díẹ̀ nínú omi olú ha ìdí páànù

Àwọn ará Pólàndì fúnra wọn máa ń se irú ẹ̀ tí kò lẹ́ran rárá fún Wigilia, alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, torí àṣà wọn ni pé ẹran kì í wà lórí tábìlì lálẹ́ ọjọ́ náà. Kapusta z grzybami lórúkọ ẹ̀: kábéèjì kíkan, olú gbígbẹ tó pọ̀ tó 40 gíráàmù, àlùbọ́sà mẹ́ta tẹ́ ẹ dín nínú òróró, ewé bay leaf, allspice. LOW fún wákàtí mẹ́fà, kẹ́ ẹ sì gbẹ omi ẹ̀ lópin bíi ti tẹ́lẹ̀.

## Ọjọ́ kejì ló dùn

Bẹ́ ẹ bá lè mú sùúrù, ẹ má jẹ ẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ sè é. Ní Pólàndì, ọ̀pọ̀ ló máa ń gbé e kaná lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, tí wọ́n á jẹ́ kó tutù láàárín, kí wọ́n tó gbé e fún àlejò. Bó ti ń gbóná tó tún ń tutù ni adùn ń wọra, omi tó kù á sì tún fà lórí iná.

1. Ẹ má jẹ́ kó sùn nínú slow cooker. Ẹ pín in sínú ike tí kò jìn kó lè tètè tutù, kó sì wọ fíríìjì láàárín wákàtí méjì.
2. Ẹ má gbé ìkòkò amọ̀ inú slow cooker láti inú fíríìjì bọ́ sórí ooru. Á là.
3. Orí gáàsì ni kẹ́ ẹ ti gbé e gbóná, kó hó dáadáa dé àárín. Slow cooker kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ gbóná, ó ń pẹ́ jù.
4. Ẹ bu ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa jẹ nìkan lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ ní tútù.

Búrẹ́dì dúdú ti ọkà rye ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, tàbí pòtétò sísè. Ìrẹsì náà bá a mu, mi ò ní purọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbi tí iná mànàmáná kì í ti í dúró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi slow cooker sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Bí iná bá lọ tẹ́ ẹ ò sì mọ ìgbà tó lọ, ẹ dà á nù, bó tilẹ̀ ń ta sánsán. Ìkòkò tó nípọn lórí gáàsì, iná tó kéré jù lọ, wákàtí mẹ́ta, ọmọrí tó ṣí díẹ̀: bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí. Ẹ kàn fi ife omi kan kún un, torí èyí ń gbẹ.

Fírísà náà gbà á dáadáa, tó oṣù mẹ́ta. Ẹ má kún ike dé ẹnu, torí ó máa ń wú bó bá dì, ẹ sì kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ sè é sára ọmọrí. Èmi ò kọ ọ́ nígbà kan, ẹ̀fọ́ ni mo rò pé mo gbé jáde fún àlejò.